Orúkọ Tí Mo Ń Jẹ́ Ní Ọjọ́ Sátidé

Sọ́ńdè, 31 Jánúárì 1993

Wọ́n pe orúkọ ẹni tí yóò dá orin kọ lọ́jọ́ Àjíǹde. Èmi ni. Láti ìgbà tí mo ti wọ ẹgbẹ́ akọrin ni mo ti ń retí ẹ̀, ọdọọdún ni Ìbídàpọ̀ sì máa ń gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Ìbídàpọ̀ kú ní Dìsẹ́ńbà, taifọ́ọ̀dù ni wọ́n pè é, orin sì di tèmi. Nígbà tí Bọ̀dá Oyèlárán dárúkọ mi, inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rí ìyá Ìbídàpọ̀ lórí bẹ́ǹṣì tó kángun sí ẹnu ọ̀nà, mo sì tẹjú mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Bọ̀dá Oyèlárán dá àwa ọ̀dọ́ dúró. Ó ní àṣé ní gbogbo ìdájí Sátidé ni Ìbídàpọ̀ máa ń lọ sọ́dọ̀ Màmá Láoyè ní Ìlarè, màmá tí ojú wọn ti fọ́ yẹn, tó ń pọnmi fún wọn, tó ń fọ egbò ẹsẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bọ̀dá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ohun tí gbogbo ayé máa rí lẹ fẹ́ràn. Ta ló máa gba èyí tẹ́nìkan ò ní rí?"

Oníkálukú ń wo bàtà ẹ̀. Mo nawọ́ sókè. Kí n má purọ́ sínú ìwé tara mi: Pásítọ̀ ló dúró sẹ́yìn wa, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí mi.

Bọ̀dá máa bá mi lọ ní Sátidé láti sọ fún Màmá pé Ìbídàpọ̀ ti lọ gbé pẹ̀lú àǹtí ẹ̀ ní Kàdúná. Àwọn àgbà ìjọ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú ọ̀fọ̀ ọmọdé fún arúgbó bẹ́ẹ̀. Ọkàn wọn ò ní gbà á.

Sátidé, 6 Fẹ́búárì

Ọyẹ́ mú burúkú. Ètè mi ti là.

Bọ̀dá ò wá. Ó ní kò sí epo nínú ọ̀kadà òun, ìlà epo ti dé ìsàlẹ̀ òkè. Mo gbé korobá mi, mo dá lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá, mi ò tíì kan ilẹ̀kùn, mi ò tíì wúkọ́ pàápàá. Mo gbọ́ tí wọ́n pè láti inú, "Ìbídàpọ̀." Wọn ò pariwo. Wọ́n pè é bí ẹni tó ti mọ́ lára.

Mo ní, "Mà."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Wọ́n pe èèyàn, ẹnu mi sì dáhùn kí n tó rò ó. Ohùn àwa méjèèjì jọra, ohùn áàtò kan náà la jọ ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tó ti jáde lẹ́nu mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ kó o padà? Tí mo bá ní èmi kọ́ ni, wọ́n á bi mí pé níbo ló wà.

Mo gbé omi kaná, mo bu iyọ̀ sí i, mo jókòó sílẹ̀. Bí ọwọ́ mi ṣe kan ẹsẹ̀ Màmá, wọ́n fà á sẹ́yìn, gbogbo ara wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé egbò ló ń dùn wọ́n. Mo fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní, "Ẹ ṣé o." Màmá tó dàgbà ju ìyá ìyá mi lọ.

Wọ́n ní béèyàn bá gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó pè é, kó má jẹ́. Èmi mọ ẹni tó pè. Ẹni tí wọ́n pè gan-an ni kò sí. Mi ò sọ fún Mọ́mì.

Mọ́ńdè, 8 Fẹ́búárì

Omi ẹ̀rọ ò yọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kerosíìnì tún ti gbówó lórí, igi la fi ń dáná. Bọ̀dá bi mí bóyá mo lọ. Mo ní mo lọ. Ó ní òun á wá àyè lọ fúnra òun láti sọ ti Kàdúná. Mi ò lè sọ fún un pé mo ti jẹ́ orúkọ òkú.

Sátidé, 13 Fẹ́búárì

Wọ́n tún pè. Mo tún jẹ́.

Èdè Ifẹ̀ tó ki ni Màmá ń sọ, èmi tí mo wá láti Ìkirè kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí náà ní èdè tiwa ni mò ń kọ ọ́ síbí. Wọ́n ní, "Ṣé ara ò ro yín mọ́?"

Mo rò pé wọ́n gbọ́ nígbà tí Ìbídàpọ̀ ń ṣàìsàn. Mo ní kò ro mí mọ́, mà.

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa." Lẹ́yìn náà wọ́n gbàdúrà. Àwọn tó mọ Màmá Láoyè látijọ́ ní tí wọ́n bá ti gbàdúrà fún èèyàn, ó ti gbà nìyẹn. Èmi ni mo kúnlẹ̀, orúkún mi ló ń dùn mí, àmọ́ Ìbídàpọ̀, Ìbídàpọ̀ ni gbogbo àdúrà náà. Ìdánwò JÁǸBÙ mi ń bọ̀. Mò ń pọnmi, mò ń fọ egbò, ẹni tó ti kú ló ń gba èrè. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa ronú báyìí. Mò ń ronú ẹ̀ ṣáá ni.

Túsìdeè, 16 Fẹ́búárì

Mo pàdé ìyá Ìbídàpọ̀ ní Ẹnuwá, tomátì ni wọ́n ń ṣà. Wọ́n ní, "Fúnlọ́lá mi, o ti ń dàgbà sí i." Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè wò wọ́n lójú. Ó ṣe mí bíi pé aṣọ ọmọ wọn ló wà lọ́rùn mi.

Mọ́ńdè, 22 Fẹ́búárì

Ọ̀sán gangan ni, mò ń sá aṣọ. Mo gbọ́ tí wọ́n pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, mo ní, "Mà!" mo sì yíjú. Kò sẹ́nìkan.

Mọ́mì yọjú láti ilé ìdáná. "Ta lò ń dá lóhùn?"

Mo ní mo rò pé Mọ́mì ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn ò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú òróró wá, wọ́n fi pa mí níwájú orí.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé kì í ṣe Fúnlọ́lá ni mo gbọ́.

Sọ́ńdè, 28 Fẹ́búárì

Mi ò lè kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bọ̀dá Oyèlárán àti àwọn àgbà méjì lọ kí Màmá Láoyè. Wọ́n sọ ti Kàdúná fún wọn. Màmá ní ó dáa, kí wọ́n bá àwọn kí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi Màmá pé ta ló ń wá fọ ẹsẹ̀ wọn báyìí. Màmá ní kò sí ẹnì kankan. Wọ́n tún bi wọ́n. Màmá ní, "Kò sí èèyàn kankan tó ń wá síbí. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́ fúnra mi."

Iwájú gbogbo ọ̀dọ́ ni Bọ̀dá ti sọ ọ́. Kò pariwo, ìyẹn ló burú. Ó ní, "Fúnlọ́lá, o nawọ́ sókè nítorí Pásítọ̀ wà níbẹ̀. Mo rí ọ. Mo rò pé wàá yí ọkàn padà tó bá yá."

Mo ní mò ń lọ! Gbogbo Sátidé ni mò ń lọ!

Ó ní ṣé Màmá Láoyè ló wá ń purọ́? Ó gba orin ọjọ́ Àjíǹde lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún Tolúwalàṣẹ. Àwọn kan ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Tolúwalàṣẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mi ò lọ mọ́. Kí Ìbídàpọ̀ dìde wá fọ ẹsẹ̀ wọn.

(Mo kọ gbólóhùn yẹn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo fàlà pa á, mo tún kọ ọ́, nítorí ohun tí mo sọ ni mo sọ.)

Sátidé, 6 Máàṣì

Mi ò lọ. Mo sùn títí oòrùn fi yọ. Mi ò sùn, mo dùbúlẹ̀ ni.

Wẹ́sìdeè, 10 Máàṣì

Tolúwalàṣẹ tẹ̀lé mi bọ̀ láti ilé ìwé. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan tí òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ. Ìdájí Sátidé, ìyá òun rán òun níṣẹ́ sí Ìlarè. Òun kọjá lẹ́yìn fèrèsé Màmá Láoyè. Màmá ń pe Ìbídàpọ̀. Òun lọ jíṣẹ́, òun ń padà bọ̀, Màmá ṣì ń pè é. Ohùn wọn ti há.

Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí, mo sáré. Fúnlọ́lá, ṣé wọn ò tíì sọ fún Màmá pé ó wà ní Kàdúná ni?"

Gbogbo irun ara mi ló dìde. Wọ́n ti sọ fún Màmá. Màmá mọ̀ pé Ìbídàpọ̀ ò sí nílé. Ta wá ni wọ́n ń pè? Ta ni wọ́n rò pé ó ń dá àwọn lóhùn láti ọjọ́ yìí?

Sátidé, 13 Máàṣì

Mo lọ. Ẹsẹ̀ mi wúwo láti ilé títí dé Ìlarè.

Màmá ò pè mọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn, òórùn egbò náà sì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Eṣinṣin ti bà lé e. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni mi ò lọ o. Ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi ń bínú nítorí orin.

Wọ́n gbọ́ ìró korobá. Wọ́n ní, "Ìbídàpọ̀?"

Mo ní, "Mà."

Màmá bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Mo rò pé ẹ ti lọ pátápátá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n bi mí, mi ò sọ."

Mi ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n béèrè. Mo fọ egbò náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ya lára ìró mi àtijọ́, mo fi dì í. Mo fọ ilẹ̀. Mo ti fi ìbínú pinnu tẹ́lẹ̀ pé mo máa sọ fún wọn kí wọ́n wẹ̀ mí mọ́ lọ́dọ̀ Bọ̀dá. Mo gbójú sókè, mo rí bí wọ́n ṣe na ẹsẹ̀ yẹn síwájú mi, tó tín-ín-rín bí igi ìdáná, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ mi níbẹ̀.

Kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀lẹ. Mo máa lọ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Fúráìdeè, 19 Máàṣì

Òjò ṣú, kò rọ̀. Wọ́n ń fi orin Àjíǹde dánra wò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tolúwalàṣẹ ò lè gun ohùn òkè tó wà ní ẹsẹ kẹta orin yẹn. Èmi lè gùn ún. Mo jókòó sẹ́yìn, mo pa ẹnu mi mọ́, ó ń dùn mí.

Sátidé, 20 Máàṣì

Mo lọ. Egbò ti ń jinná létí. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún, nítorí náà mo sọ ọ́ síbí: ó ti ń jinná.

Sátidé, 27 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ láàárọ̀ yìí, páànù Màmá ń ró gbàgbàgbà. Ó ti parí, mo ti sọ ọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá rere ni mo ṣe àbí ibi.

Mo fọ ẹsẹ̀ wọn tán, mo kúnlẹ̀ fún àdúrà. Àánú àti àlàáfíà ni wọ́n máa ń tọrọ fún Ìbídàpọ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí wọ́n ní, "Ọlọ́run, ọmọ yìí ti ṣe tó. Àárẹ̀ ti mú un láti máa rìn wá láti ọ̀run nítorí tèmi. Jẹ́ kó sinmi. Jẹ́ kí sàréè ẹ̀ tutù."

Sàréè ẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ láti Fẹ́búárì wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí nǹkan tí mo lè ṣe ju kí n lanu. Mo ní, "Màmá, mi ò tíì kú o. Fúnlọ́lá ni mo ń jẹ́. Fúnlọ́lá ọmọ Àyànlọ́wọ̀. Mi ò tíì kú."

Màmá ní, "Èèyàn ni ọ́?"

Mo ní èèyàn ni mí, mà.

"Mú ọwọ́ ẹ wá."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ, wọn ò fọwọ́ kàn mí rí. Mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n dì í mú, wọ́n ń tẹ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ó gbóná. Mo rò pé omi ló ń gbóná."

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ojú àwọn ló fọ́, etí àwọn ò di. Ọjọ́ tí Ìbídàpọ̀ kú, ojú ọ̀nà lẹ́yìn fèrèsé àwọn ni ìyá ẹ̀ gbà kọjá, àwọn sì gbọ́ igbe ẹ̀ lórí ibùsùn. Igbe tí abiyamọ máa ń ké yẹn, kò sí ìyá tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ń dúró kí ẹnìkan wá tú ọ̀fọ̀ náà fún àwọn kí àwọn lè sunkún. Kò sẹ́ni tó wá. Béèyàn ò bá sì túfọ̀ fún ọ, báwo lo ṣe fẹ́ sunkún lójú wọn? Tí ìdájí Sátidé bá ti tó, àwọn á kàn pe orúkọ ẹ̀, nítorí ẹnu ti mọ́ ọn. Ìyẹn nìkan ni àwọn ní.

"Mo wá pè é lọ́jọ́ kan, ó sì jẹ́ mi."

Àkúdàáyà ni wọ́n rò pé mo jẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rù ba àwọn débi pé àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára, ṣùgbọ́n ó fọ ẹsẹ̀ àwọn, ó sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé béèyàn bá fi àkúdàáyà hàn, kò ní padà wá mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ fún Bọ̀dá pé kò sí èèyàn tó ń wá. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fọwọ́ kàn mí.

Èmi ń sá fún orúkọ òkú, Màmá ń sá fún òkú fúnra ẹ̀, a sì jọ wà nínú yàrá kan láti Fẹ́búárì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló yọ mí, mi ò rín in, nítorí Màmá ti fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti kú nígbà náà. Kò wá. Kò wá rárá." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọ̀fọ̀ fún. Èmi ni mo tú u. Ohun tí gbogbo àgbà ìjọ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe, èmi ni mo ṣe é, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ mi.

Sátidé, 3 Épírì

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà Màmá. Wọn ò pè. Mo dúró pẹ́ títí omi fi wúwo lórí mi, kí n tó wọlé.

Wọ́n kí mi dáadáa. "Fúnlọ́lá, o káre." Wọ́n gbàdúrà fún ìdánwò mi, orúkọ mi gan-an ni wọ́n dá, àdúrà tí mo ti ń jowú láti ọjọ́ yìí. Mo ṣe àmín. Kò dùn lẹ́nu mi. Ẹ̀kọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, ti àná ni, wọn ò fọwọ́ kàn án. Obìnrin ará Ẹdúnàbọ̀n tó máa ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà wọn ní wọn ò jẹun dáadáa láti ọjọ́ òjò yẹn.

Mo ti gba Ìbídàpọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Sọ́ńdè Ọ̀pẹ, 4 Épírì

Màmá ti ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Oyèlárán, wọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Bọ̀dá dìde níwájú ìjọ, ó ní òun ṣẹ̀ mí, ó sì bẹ̀ mí. Àgbàlagbà ọkùnrin. Wọ́n ní kí n dìde dúró kí ìjọ rí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó láti kékeré, ó ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Bọ̀dá ní orin ti padà di tèmi. Mo wo Tolúwalàṣẹ. Ó ti gun ohùn òkè ẹsẹ kẹta yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ọ. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ, èmi á fi áàtò gbè é lẹ́yìn. Mo dé ilé, mo sunkún, nítorí mo fẹ́ orin náà o. Mo ṣì fẹ́ ẹ.

Tọ́sìdeè, 8 Épírì

Mo lọ bá ìyá Ìbídàpọ̀ nílé, mo sọ ohun gbogbo fún wọn, mo ní kí wọ́n dárí jì mí tí mo fi orúkọ ọmọ wọn ṣe tèmi. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé korobá aláwọ̀ ewé kan jáde, èyí tí ọmọ wọn fi ń pọnmi. Wọ́n ní, "Èyí tìẹ ń jò."

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ń jò? Wọ́n ti ń rí mi tí mò ń kọjá.

Sátidé, 10 Épírì

Ọ̀la ni Àjíǹde.

Mo gbé korobá aláwọ̀ ewé náà. Mo dé ẹnu ọ̀nà Màmá Láoyè, mo dúró. Inú yàrá dákẹ́ bíi tọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo mọ̀ pé wọ́n ti jí, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

Mo ní láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, "Màmá, ẹ pè é."

Wọ́n ní, "Pe ta?"

"Ìbídàpọ̀. Ẹ pè é bí ẹ ṣe máa ń pè é. Màá bá a dáhùn."

Wọ́n ní, "Fúnlọ́lá, ìwọ náà ní orúkọ."

Mo ní mo mọ̀, mà. Mo ní kí wọ́n máa pe tèmi ní ọjọ́ yòókù.

Mo rò pé wọn ò ní pè é. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ láti inú, jẹ́jẹ́, bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Ìbídàpọ̀."

Ẹ̀rù ṣì bà mí. Mo jẹ́ ẹ. Mo ṣí ilẹ̀kùn wọlé, mo sì lọ gbé omi kaná.